Ìbéèrè Òǹkàwé: Iná Etíkun àti Kùrukùru

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ní Kàbà níbí, bí kùrukùru bá bolẹ̀ láàárọ̀, mọ́tò a tan iná, a sì fun fèrè. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ní etíkun láyé ìjọba amúnisìn? (Òǹkàwé kan, Kàbà)

Ìdáhùn: Iná àti ariwo náà ni, ṣùgbọ́n làálàá rẹ̀ pọ̀. Orí ilé gogoro etíkun ni iná náà máa ń wà, ojoojúmọ́ sì ni olùtọ́jú rẹ̀ ń nu gíláàsì ńlá tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, irú èyí tí Fresnel ará Faransé gbé jáde ní 1822, nítorí èéfín díẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ti tó láti sọ iná di bàìbàì. Níbi tí gíláàsì bá ti ń yí, irin wíwúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé gogoro náà ló sábà ń yí i, olùtọ́jú a sì máa fi ọwọ́ yí i gòkè padà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò gbọdọ̀ sùn gbàgbé, torí bí iná ṣe ń kọ mànà ni atukọ̀ fi ń mọ ibi tó dé.

Kùrukùru ni kò gbọ́ ti iná. Agogo tàbí ìbọn ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kí fèrè tí ẹ̀rọ ń fi afẹ́fẹ́ fun tó dé. Ní Green Point ní Cape Town, tí iná rẹ̀ ti ń tàn láti 1824, ọdún 1926 ni fèrè kùrukùru tó dé ibẹ̀, èyí tó pẹ́ jù lójú tèmi.