Ọmọ mi kò fẹ́ wọ kóòtù lórí gáùn rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Leeds ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, fẹ́ràn aṣọ Japan kan tí wọ́n ń pè ní Lolita: gáùn tó fẹ̀ bí agbòjò, léèsì lọ́rùn, léèsì lọ́wọ́, ríbọ́ọ̀nù lórí. Owó iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ló fi ń rà á, n kò bá a jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ti dé, ó ṣì ń jáde láìwọ kóòtù. Bí mo bá fún un, ọwọ́ ló máa ń gbé e sí. Orúkọ aṣọ náà pàápàá ń bà mí lẹ́rù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ. Chicago lèmi wà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọmọ tèmi náà ti ń wọ aṣọ yìí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Lóòótọ́ ló bá orúkọ ìwé ìtàn burúkú kan mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn yẹn ni àwọn ọmọbìnrin Harajuku ní Tokyo ń wọ̀. Aṣọ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọbabìnrin Victoria àti ti ààfin Faransé àtijọ́ ni wọ́n wò rán tiwọn. Ẹ wo gáùn náà dáadáa: ó dé orúnkún, bùláòsì rẹ̀ dé ọrùn.

Ti kóòtù ló ká mi lára. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo pe ọmọ mi ní olórí kunkun títí ó fi sunkún. Lọ́jọ́ kan mo ní kó wọ kóòtù rẹ̀ níwájú mi, ni mo bá rí i: kóòtù tẹ yẹ̀rì abẹ́ gáùn pẹlẹbẹ, gbogbo ohun tó fi wákàtí kan tò ti bàjẹ́. Ta ni nínú wa tó máa wé gèlè tán lọ́jọ́ ìnáwó, tó máa wá fi fìlà òtútù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Mo bẹ ọmọ náà.

Kóòtù tó fún láyà, tó wá fẹ̀ láti ìbàdí bí agogo, tó sì gùn ju etí gáùn lọ ni kí ẹ wá. Àwọn ilé aṣọ Japan bíi “Baby, The Stars Shine Bright”, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ń rán irú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Èmi kọ́ iṣẹ́ télọ̀ n'Íbàdàn, nítorí náà àlòkù kóòtù irun àgùntàn ni mo rà. Mo tú u láti ìbàdí, mo rán ègé mẹ́rin olórí ṣóńṣó sí i. Bí ẹ kò bá ní télọ̀, kéèpù tí kò lápá yóò ṣe é.

Yẹ̀rì fúnra rẹ̀ ń mú ara gbóná, nítorí afẹ́fẹ́ há sáàárín ìpele rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ṣòkòtò pénpé onírọ́bà tó ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti fúlánẹ́ẹ̀lì. Kó wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn onírun àgùntàn, kó tó fi aláràbarà lé e, kò gbọdọ̀ fún un lẹ́sẹ̀ o. Hítà máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ ilé débi pé yẹ̀rì náílọ́ọ̀nù á lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ṣìmí òwú láàárín wọn ló ń tán ìyẹn. Wíìgì tí wọ́n máa ń dé sí i ń bo orí dáadáa, èyí dùn mọ́ mi púpọ̀.

Lọ́jọ́ tí òtútù bá dé ìwọ̀n Celsius 15 sísàlẹ̀ òdo níbí, ṣòkòtò ló ń wọ̀. Àdéhùn àwa méjèèjì nìyẹn. Leeds kì í sábà débẹ̀, òjò àti ẹ̀fúùfù ni kí ẹ múra dè. Kí ẹ tó ra kóòtù, ẹ wọn ọmọ náà láti èjìká dé etí gáùn, kí ẹ sì wọn ìbàdí rẹ̀, pẹ̀lú yẹ̀rì lára rẹ̀.