Ẹ yé ká òwú telọ sí bọ́bìn máṣìnì ọnà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú uṣẹ́ mà. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà. Mo ra máṣìnì mọnogírámù kékeré tí wọ́n ń lò nínú ilé, èyí téèyàn á gbé dìsáìnì sí tá á máa ran án fúnra ẹ̀. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, òwú funfun tó wà nísàlẹ̀ á máa yọ sójú ọnà, pàápàá tí mo bá fi òwú dúdú tàbí wáìnì sókè. Ẹni tí mo ń ra òwú lọ́wọ́ ẹ̀ ní kí n máa ká òwú òkè gan-an sí bọ́bìn, kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí, àwọ̀ kan náà, pé ìyẹn ló lágbára. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, funfun ò yọ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ aṣọ wá ń kákò, abẹ́rẹ́ sì ti kán lẹ́ẹ̀mejì. Òwú bọ́bìn wo ló lágbára jù tí mo lè rà? Àbí kí n jẹ́ kí rípíárà tún tímìn ẹ̀ ṣe, ìyẹn àsìkò tí abẹ́rẹ́ àti irin ìkọ́ tó ń mú òwú nísàlẹ̀ ń pàdé, torí òun ní tímìn ló yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin náà kú uṣẹ́, àbúrò mi. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń bi mí láti Adó, wọ́n ń bi mí láti Ìjerò, Ìkọ̀lé náà ò gbẹ́yìn, gbogbo wọn ni ẹnì kan sì ti sọ fún pé òwú tó wà lókè ni kí wọ́n fi sísàlẹ̀. Inú bí mi díẹ̀ nígbà tí mo kà á, kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń fi ìdánilójú sọ ohun tí wọn ò mọ̀ fún ẹni tó fi owó ara ẹ̀ ra máṣìnì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún ìbéèrè yẹn ṣe ná. Ẹ ní òwú tó lágbára jù lẹ fẹ́. Òwú bọ́bìn ò nílò agbára tó tó yẹn. Òwú òkè ló ń jìyà, òun ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ojú abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di sítíìṣì kan ṣoṣo, òun ni tẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn ohun tó ń mú kí òwú fún tàbí kó dẹ̀, ń fà, òun làwọn èèyàn ń rí, òun ni òòrùn àti ọṣẹ ń bá jà. Òwú ìsàlẹ̀ ò gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá rárá, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó di òwú òkè mú lẹ́yìn aṣọ kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Torí náà òwú tó tín-ínrín, tó jọ̀lọ̀, tí kì í hu irun lẹ ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni pé telọ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń rán aṣọ méjì pọ̀, òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé láàárín aṣọ méjèèjì, kí wọ́n fa ara wọn dọ́gba, ìdí nìyẹn tí òwú kan náà fi dáa lókè àti nísàlẹ̀. Òótọ́ ni fún ìránṣọ. Ẹni tó bá sì kọ́ṣẹ́ lórí máṣìnì ọnà tínkò, ọwọ́ ẹ̀ ló ń darí aṣọ, ojú ẹ̀ ló ń wo tẹ́ńṣọ̀n, bó bá rí nǹkan tó yàtọ̀ á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ máṣìnì tó ń ṣe ọnà fúnra ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò fẹ́ kí òwú méjèèjì pàdé láàárín. Ó fẹ́ kí òwú òkè borí, kó rọra fà wálẹ̀ sẹ́yìn aṣọ, kí ojú ọnà lè kún kó sì máa dán. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti to tẹ́ńṣọ̀n kéèsì bọ́bìn ẹ̀, ìyẹn ilé tí bọ́bìn ń jókòó sí, mọ́ òwú tó tín-ínrín kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ ẹ bá wá fi òwú tó nípọn bíi tòkè síbẹ̀, kò ní gbà kí òwú òkè wálẹ̀, àwọn méjèèjì á máa bára wọn fa á.

Ẹ mú aṣọ tẹ́ ẹ ti ṣe ọnà sí, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí lẹ́tà tàbí ewé ti nípọn, ibi tí òwú ti ń lọ tó ń bọ̀ tímọ́tímọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní sátínì. Tó bá dáa, ẹ máa rí òwú ìsàlẹ̀ bí ìlà kan láàárín, tó gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ibẹ̀, òwú òkè á wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹ̀. Tí òwú ìsàlẹ̀ bá gba gbogbo ẹ̀yìn tán, òwú òkè ti fún jù tàbí ìsàlẹ̀ dẹ̀ jù. Tẹ́ ò bá wá rí òwú ìsàlẹ̀ rárá, òdì kejì ni, òkè ló dẹ̀ jù. Ẹ̀yìn aṣọ ló ń sọ òótọ́ fún oníṣẹ́ ọnà, mo sì rí àwọn tó ti ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tí wọn ò yí aṣọ padà wò rí.

Wàyí o, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní nígbà tẹ́ ẹ ká òwú kan náà síbẹ̀, funfun ò yọ mọ́. Òwú ìsàlẹ̀ ò tíì dẹ́kun yíyọ o! Ó ṣì ń yọ sójú ọnà bó ṣe ń yọ tẹ́lẹ̀, ẹ ò kàn rí i mọ́ ni torí pé àwọ̀ ẹ̀ ti bá tòkè mu. Bí ẹni tí òrùlé ẹ̀ ń jò tó wá lọ kun àjà láwọ̀ ibi tómi ti ba jẹ́ ni. Àìsàn tẹ́ńṣọ̀n yẹn wà níbẹ̀, ẹ tún wá fi òwú tó nípọn kún un, ó wá di méjì. Ẹ ronú dìsáìnì ọrùn agbádá tó ní sítíìṣì 20,000, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń gún ojú kan náà lọ́pọ̀ ìgbà: òwú tó nípọn lókè, òwú tó nípọn nísàlẹ̀, aṣọ láàárín, sítéè tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ kó lè dúró náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ á le gbandi, aṣọ tó yí i ká á kákò torí wọ́n ti fà á jọ, abẹ́rẹ́ á máa gún nǹkan líle títí á fi tẹ̀, tó bá tẹ̀ á lọ kọ lu irin, á kán. Èyí tó ń ṣe yín gan-an nìyẹn. Bọ́bìn náà á sì máa tán kíákíá torí òwú tó nípọn kì í pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ ó kàn máa dá iṣẹ́ dúró ṣáá láti ká òmíì.

Òwú telọ tún burú ju òwú òkè lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òwú pọlísítà tí àwọn telọ ń lò, wọ́n gé e ní kéékèèké kí wọ́n tó ran án pọ̀ ni, ìdí ẹ̀ tó fi ń hu irun tẹ́ ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Irun yẹn á máa wọ abẹ́ irin pẹlẹbẹ tó di òwú mú lára kéèsì bọ́bìn, díẹ̀díẹ̀ á gbé irin yẹn sókè, òwú ìsàlẹ̀ á dẹ̀, funfun á yọ. Irun òwú bíńtín ti tó láti da gbogbo tẹ́ńṣọ̀n rú. Ọ̀pọ̀ òwú bọ́bìn tòótọ́ gùn ní odindi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í hu irun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́mbà ara òwú torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn. Fún òwú ọnà, bí nọ́mbà bá ṣe ń ga sí i ni òwú ń tín-ínrín sí i. 40 túmọ̀ sí pé mítà 40 ẹ̀ ló máa wọn gíráàmù 1, 60 jẹ́ mítà 60 fún gíráàmù 1, 90 náà bẹ́ẹ̀. Òwú òkè sábà máa ń jẹ́ 40, òun ni wọ́n ń kọ 120D/2 sí lára kóònù ẹ̀ nígbà míì. Òwú bọ́bìn sábà máa ń jẹ́ 60 tàbí 90. Ẹni tó bá wá mú òwú telọ tí wọ́n kọ 40/2 sí wá tó ní "40 ṣáà ni", ẹ má dá a lóhùn, ọ̀nà míì ni wọ́n fi ka nọ́mbà yẹn, òwú yẹn nípọn díẹ̀ ju 40 ti ọnà lọ.

Èwo lẹ máa wá rà, 60 àbí 90? Mi ò lè bá yín mú un látibí torí ẹ ò sọ irú máṣìnì yín. Ìwé tó bá a wá ló máa sọ. Àwọn kan wà tí wọ́n to mọ́ 60, àwọn kan wà tó jẹ́ 90, bẹ́ ẹ bá fi 90 sí èyí tí wọ́n to mọ́ 60, òwú á máa yọ̀ kọjá fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú kéèsì, ìsàlẹ̀ á dẹ̀, funfun á tún yọ, ẹ ó sì tún máa ronú pé mo parọ́ fún yín. Àwọn máṣìnì kan máa ń ní kéèsì bọ́bìn méjì nínú páálí wọn, tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí sukúrúù ọ̀kan, ìdí ẹ̀ nìyẹn, ọ̀kan wà fún òwú tí wọ́n tò ó mọ́, èkejì fún òwú míì. Tí ìwé yẹn bá ti sọnù, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́mbà tó wà lára máṣìnì, wọ́n sábà máa ń gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ò bá rí i rárá, 60 ni màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, lórí àkísà o, kì í ṣe lórí aṣọ oníbàárà.

Àwọ̀: funfun àti dúdú ti tó. Funfun fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, dúdú fún aṣọ dúdú àti búlúù tó dúdú gan-an. Ibi tẹ́ ẹ ti máa wá òwú tó bá tòkè mu ni ibi tí èèyàn á ti rí ẹ̀yìn aṣọ, bí ìborùn, aṣọ ìnura, aṣọ ìnujú, etí fìlà tí wọ́n máa ká sókè. Léèsì tí máṣìnì fi òwú nìkan hun lórí sítéè tí omi ń yọ́ náà wà, ìyẹn gan-an ni ibi kan tí wọ́n ti máa ń fi òwú òkè 40 sínú bọ́bìn mọ̀ọ́mọ̀, torí kò ní aṣọ lábẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jọra. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹni tó ń ta òwú fún yín ti gbọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ̀ ń ṣe.

Bọ́bìn fúnra ẹ̀ náà, ẹ má ra èyí tó kàn jọ ọ́. Lára ọ̀pọ̀ máṣìnì ilé ti Brother, gíga ẹ̀ jẹ́ mílímítà 11.5, wọ́n sì tún ń ta èyí tó kúrú jù ú lọ tí wọ́n ń pè ní L, téèyàn bá wò ó lójú lásán á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó kúrú á máa mì nínú kéèsì. Máṣìnì tó bá ní bọ́bìn oníke, ẹ má fi onírin sí i. Bọ́bìn tí wọ́n ti ká òwú sí láti ilé iṣẹ́ dáa, òwú ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ó sì máa ń dọ́gba, àmọ́ ẹ wò ó bóyá ìwé yín gbà á láyè, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a fúnra yín, ẹ má fi eré sáré ká a, pọlísítà máa ń nà tí wọ́n bá ká a kíkankíkan, tó bá dé inú aṣọ á sún padà, aṣọ á kákò. Ẹ má sì ká tuntun lé àjẹkù orí.

Ní báyìí, ti funfun tó ń yọ. Ẹ fa òwú òkè yọ pátápátá, ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣìnì sókè kẹ́ ẹ tó fà á wọlé padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, torí tó bá wà nílẹ̀, àwo tẹ́ńṣọ̀n ti pa dé, òwú ò ní wọ àárín ẹ̀ dáadáa. Ẹ yọ kéèsì bọ́bìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá inú ẹ̀, ẹ fi etí páálí tó tín-ínrín yọ irun abẹ́ irin pẹlẹbẹ yẹn. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń wọ ibẹ̀. Ẹ má ta kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi epo mọ́tò sí i, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fi faselíìnì pa òwú lára kó lè máa yọ̀, ẹ sá fún onítọ̀hún, ìdọ̀tí ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, 75/11 tó wà fún ọnà. Ẹ fi bọ́bìn síbẹ̀ bí àwòrán ara máṣìnì ṣe fi hàn, kí òwú ẹ̀ kọjá nínú ihò tẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, òwú á kàn wà níbẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú. Lẹ́yìn náà ẹ ran lẹ́tà I ńlá lórí àkísà tó ní sítéè, ẹ yí i padà. Tí ìsàlẹ̀ bá ṣì ń yọ sókè, ẹ dín tẹ́ńṣọ̀n òkè kù díẹ̀, ẹ tún ràn án, díẹ̀díẹ̀ báyẹn.

Sukúrúù kéèsì bọ́bìn ló gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án àyàfi tí gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ò bá ṣiṣẹ́. Tó bá wá di dandan, ẹ fi máákà sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yí i bíńtín, kó má tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo. Bẹ́ ẹ bá ní wọ́rántì, ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí fífọwọ́ kàn án lè jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ fún yín, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ yí i.

Rípíárà tó ní tímìn yẹn, ẹ má tíì sanwó fún un. Tí tímìn bá yẹ̀, máṣìnì á máa fo sítíìṣì, tàbí kó má mú òwú ìsàlẹ̀ rárá. Tiyín ń ran iṣẹ́ jáde, funfun ló kàn ń yọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ méjì ti kán níbẹ̀, ìyẹn lè ha irin ìkọ́ tàbí kéèsì lára, ó sì lè ti nǹkan kúrò láyè ẹ̀, torí náà ẹ fi ọmọ ìka yẹ etí kéèsì wò jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa máṣìnì, tó bá ń ha yín lọ́wọ́, kéèsì yẹn ti bàjẹ́, òun lẹ máa pààrọ̀. Ẹ rí i dájú pé orí abẹ́rẹ́ tó kán ò sí nínú ibẹ̀ o.

Tí ó bá ṣì ń yọ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ya fọ́tò lẹ́tà I yẹn ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà, kẹ́ ẹ sì kọ irú máṣìnì àti nọ́mbà òwú méjèèjì sí i.