Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá

Àbúrò wa kan tó ń kọ́ físíìsì ní Adó-Èkìtì béèrè ìtumọ̀ òwe tí bàbá rẹ̀ àgbà pa fún un: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá." Ó tún béèrè bóyá òwe náà bá brown dwarf mu, ìyẹn ohun ojú ọ̀run kan tó wà láàárín ìràwọ̀ àti plánẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò mi, ẹni tó ń bá ọlọ́lá rìn kì í ṣe ẹrú rẹ̀ dandan. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àgùàlà ni Venus. Oòrùn ló ń yí po, ayé ni òṣùpá ń yí po. Ojú wa ló so wọ́n pọ̀.

Ó bá brown dwarf mu gan-an ni. Àwọn kan ka èyí sí ìràwọ̀, àwọn kan ní plánẹ́ẹ̀tì ńlá ni, bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Gáàsì ló kóra jọ dá a bí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n kò wúwo tó láti dáná háídírójìn. Wo ìkòkò usu tí a sọ̀ kúrò lórí uná: ooru àtẹ̀yìnwá ló ń tú sílẹ̀, ó sì ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀.

Brown dwarf tó tutù jù tí a mọ̀ ni WISE 0855−0714. Awòràwọ̀ Kevin Luhman ló kéde rẹ̀ ní 2014. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ọdún 7 ó lé díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Luhman ṣírò pé ó tutù tó dígírì 13 sí 48 sísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ Èkìtì kò sún mọ́ ọn rárá.

Ohun tó tutù báyìí kì í tàn sójú, ooru rẹ̀ nìkan la lè wá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le: afẹ́fẹ́ wa, òkè, àti awò awòràwọ̀ fúnra rẹ̀ ń tú irú ooru kan náà jáde. Ó dà bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ooru ìkòkò kan nínú ilé ìdáná tí ààrò mẹ́wàá ti ń jó. Ìdí nìyẹn tí awòràwọ̀ Andrew Skemer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lo awò Gemini lórí òkè Mauna Kea ní Hawaii, níbi tó ga tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ní 2016, wọ́n kéde pé oru omi wà lára WISE 0855, pẹ̀lú àmì pé ó ní ìkùukùu. Awò James Webb, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní oṣù Kejìlá 2021, bọ́ lọ́wọ́ ààrò ayé. Òun náà rí méténì àti amóníà.

Báwo ni wọ́n ṣe dá àwọn gáàsì wọ̀nyí mọ̀? Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní apá ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì, àlàfo tó sì kù ni wọ́n ń kà. Ìyá tó ṣí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ mọ̀ láti inú òórùn pé irú ò tíì wọ̀ ọ́.

Bí Àgùàlà bá yọ nírọ̀lẹ́, ní kí bàbá fi hàn ọ́. WISE 0855 wà ní apá ìràwọ̀ Hydra, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i.