Ẹ má da sláìdì yín nù, ẹ má sì tíì gbé wọn fún ẹnikẹ́ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sláìdì iṣẹ́ ọnà yín, ìyẹn àwòrán kékeré lórí fíìmù tí férémù yí ká, tó 800 nínú páálí, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ dà wọ́n nù ni àbí kí ẹ sọ gbogbo wọn di fáìlì kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn sọ fún èmi náà pé ayé sláìdì ti kọjá. Kò bi mí léèrè ibi tí mo ti fẹ́ rí àwọn iṣẹ́ tí mo ti tà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó rà wọ́n ti ṣí lọ, méjì ti jóná. Sláìdì nìkan ló kù.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya férémù kọ̀ọ̀kan, tẹ̀yìn tiwájú, pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ sí i. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Mo gbé 600 fún ilé iṣẹ́ kan tó ń sọ sláìdì di fáìlì kọ̀ǹpútà. Wọ́n tú férémù páálí tí mo fọwọ́ kọ orúkọ iṣẹ́, ìwọ̀n àti ọdún sí, wọ́n dà á nù, wọ́n fi ike funfun rọ́pò rẹ̀. Mo bèèrè, ọ̀gá wọn ní, "Ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́ tónítóní báyìí?" Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, tí mò ń wá ọdún iṣẹ́ ara mi. Wọ́n tún fi fíìmù mìíràn sínú férémù lódì. Ìbuwọ́lùwé mi ló tú wọn fó, torí ó ń kà láti ọ̀tún sí òsì. Èyí tí n kò buwọ́ lù ńkọ́? Ẹ gbé e sábẹ́ iná: bí ojú tó ń dán bá kọjú sí yín, àwòrán wà bó ṣe yẹ. Ojú tó ṣú, tó sì gbẹ, ni àwọ̀ wà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Fífi síkánà sọ wọ́n di fáìlì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò le. 4000 dpi (iye àmì àwòrán nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan), TIFF (irú fáìlì àwòrán kan), ó tán. Bó bá jẹ́ Kodachrome, irú fíìmù kan tí Kodak ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ pa ètò síkánà tó ń yọ eruku fúnra rẹ̀, torí ó máa ń ba àwòrán rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo ọ̀rá tí wọ́n wà nínú rẹ̀ náà. Bó bá ń rùn bí ike tuntun, tó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, PVC ni, irú ike kan, ẹ yọ sláìdì yín kúrò nínú rẹ̀ kíá. Ẹ má sì gbé ojúlówó sínú projector kí àlejò lè wò ó. Iná rẹ̀ ń pa àwọ̀, pàápàá ti Kodachrome, tí wọn kò ṣe mọ́ láti 2009.

Àwọn ẹ̀dà tí ẹ ṣe láti fi ránṣẹ́ sí adájọ́ ìdíje, ìyẹn lẹ lè dà nù. Nínú èyí tó kù, sláìdì àwọn iṣẹ́ tí ẹ kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí síkánà. Ogún péré lójúmọ́, torí ojú máa ń rẹ èèyàn.