Ẹ má tíì gé orí Ìjàpá yẹn o

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun ní Ìjàpá (Volkswagen Beetle) Tamiya 1/24, ti ọdún 1966 yẹn, ìyẹn kit ilé iṣẹ́ Tamiya, páàtì pílásítíìkì tí wọ́n ń tò pọ̀ di ọkọ̀ kékeré tí ojúlówó fi ìlọ́po mẹ́rìnlélógún jù lọ, tó fẹ́ sọ ọ́ di Cabriolet tó ń ká orí sẹ́yìn, tó wá ń béèrè páàtì tóun máa wá àti ibi tóun á ti rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ayùn yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti ba bọ́dì méjì jẹ́ lórí iṣẹ́ yìí gan-an kí ìkẹta tó dáa, owó tí mo ná sórí ẹ̀ kì í ṣe kékeré, Ìbàdàn sì ni mo wà, kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan tí mo lè sáré lọ pé ẹ bá mi pààrọ̀ èyí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló máa ń bá mi gba ẹrù pamọ́, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta mẹ́rin kí ẹni tó ń bọ̀ wálé tó bá mi gbé e. Tí mo bá ra èyí tí kò yẹ, ẹ̀yìn oṣù mẹ́rin ni mo tó máa mọ̀.

Bọ́dì àkọ́kọ́, ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn báyìí gan-an ni mo ṣe. Mo rò pé orí nìkan ló yàtọ̀, mo lẹ téèpù mọ́ ọn yí ká, mo rọra fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé òpó àárín àti ẹ̀yìn, mo dá férémù wíńskírìn sí. Bí orí yẹn ṣe kúrò báyìí ni bọ́dì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bíi páálí tí wọ́n ya ìdérí ẹ̀ kúrò. Orí yẹn ló di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú látọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ kejì tí mo wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀kùn ọ̀tún sí tòsì, ó ti fẹ̀ sí i ní mìlímítà méjì, férémù wíńskírìn ti fì sẹ́yìn, gíláàsì tó bá kit wá ò wọlé mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ wo bí wọ́n ṣe ṣe ojúlówó ọkọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Karmann ní Osnabrück, ní Jámánì, ló bá Volkswagen ṣe Cabriolet yìí láti 1949 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1980, ó lé ní 330,000 tí wọ́n ṣe. Ohun tójú mi rí lórí tábìlì, àwọn náà ti rí i tipẹ́: Ìjàpá tí wọ́n bá gé orí ẹ̀ máa tẹ̀ ni, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi irin kún abẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Férémù wíńskírìn ẹ̀ kì í ṣe ti onórí. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń wálẹ̀, ti onórí dúró gbagidi. Orí aláṣọ yẹn gan-an nípọn, tí wọ́n bá ká a sẹ́yìn ńṣe ló máa jókòó gègèrè bí ẹrù tí wọ́n dì sẹ́yìn ọkọ̀, kì í wọlẹ̀ rárá. Torí náà kì í ṣe orí lẹ ń wá páàtì fún o. Láti ìdí wíńskírìn títí dé ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀ fi yàtọ̀, ara kan náà ló sì gbọ́dọ̀ ti wá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Mo rí ẹnì kan tó ń ta bọ́dì Ìjàpá tí wọ́n ti ṣí orí ẹ̀, kò wọ́n, ó ní ó máa bá ti Tamiya mu dáadáa, mo sanwó, mo dúró, ó dé. Mo gbé férémù wíńskírìn ẹ̀ lé orí tèmi, apá òsì jókòó wẹ́kú, apá ọ̀tún ò débẹ̀, àlàfo tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà méjì, mo tún un gbé, mo yí i, mo tẹ̀ ẹ́, kò débẹ̀. 1/25 ni. Èmi ni mi ò béèrè. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ torí ibẹ̀ lowó ti ń jóná: ojúlówó Ìjàpá, láti àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn, 2400 mìlímítà ni. Ẹ pín in sí 24, ó jẹ́ 100 géérégé. Ẹ pín in sí 25, ó di 96. Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1540, ìyẹn máa ń lọ sí 64 ní 1/24, ní 1/25 á bọ́ sí 61 àti díẹ̀. Lójú, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àfìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan lé èkejì. Nísinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ tà fún mi, mo máa ní kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó ya fọ́tò, láti àárín táyà sí àárín táyà, tí ò bá rí 100 mo ti lọ nìyẹn. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo wá yí gbogbo ẹ̀ padà, òun gan-an sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ wá kit ilé iṣẹ́ Revell, 1/24, Cabriolet ti 1970. Ẹ má wá yọ ara ẹ̀ fi kún Tamiya o, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdí ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ Tamiya di èyí tẹ́ ẹ máa yọ páàtì lára ẹ̀. Ìṣòro tó wà lára ọkọ̀ aláṣọ lórí, àwọn tó ṣe kit yẹn ti bá yín yanjú ẹ̀: bọ́dì ẹ̀ dúró fúnra ẹ̀, férémù, gíláàsì, ìjókòó, orí tó ká, gbogbo ẹ̀ bára wọn mu. Ohun tó kù fún yín ò ju kẹ́ ẹ dá ọdún ẹ̀ padà láti 1970 sí 1966, ìyẹn sì rọrùn ju kíkọ́ orí lọ lọ́nà mẹ́wàá.

Kí ló yàtọ̀ láàárín ọdún méjèèjì? Oṣù kẹjọ 1967 ni Volkswagen ṣe àyípadà ńlá. Ṣáájú ìgbà yẹn iná iwájú dagun sẹ́yìn tẹ̀lé bí ẹ̀gbẹ́ iwájú (ìbòrí táyà) ṣe tẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ó dìde dúró ṣánṣán. Bọ́ńpà tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ wá di onígun, ó sì ga sókè. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrú sí i, wọ́n gbẹ́ ojú atẹ́gùn síwájú wíńskírìn, iná ẹ̀yìn tóbi sí i. Torí náà lára Tamiya ẹ máa kó ẹ̀gbẹ́ iwájú méjèèjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbogbo imú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, iná àti bọ́ńpà. Ibi tẹ́ ẹ máa gé lẹ máa fara balẹ̀ sí. Ẹ gé imú Revell lábẹ́ rọ́bà wíńskírìn gẹ́lẹ́, kí ojú atẹ́gùn yẹn lè bá a lọ. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tẹ̀lé ojú ibi tí wọ́n ti fi ìdè irin (bolt) dè wọ́n mọ́ ara ọkọ̀ gidi, torí okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ àti bọ́dì, òun ló máa bo oríkèé yín. Mo mú igi tó máa ń so páàtì pọ̀ nínú kit, mo yá a lórí àbẹ́là títí ó fi rọ̀, mo fà á gùn bí òwú, mo tẹ̀ ẹ́ sínú ilà yẹn. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ yẹn lónìí ò lè fọwọ́ sọ pé ibí ni wọ́n ti gé e. Ẹ máa gé e sóde ilà díẹ̀ o, kẹ́ ẹ fi sáńpépà bá a débẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá gé kọjá, pọ́tì lẹ máa fi dí i, pọ́tì sì máa ń sán tó bá pọ̀. Ẹ lẹ pílásítíìkì pẹlẹbẹ sẹ́yìn gbogbo oríkèé látinú.

Ìdérí ẹ́ńjìnì ni mi ò wá kit mìíràn tí mo máa yọ ọ́ lára ẹ̀ fún. Ìjàpá onórí ti 1966, abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn ni ihò atẹ́gùn ẹ̀ wà, orí aláṣọ á bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti Cabriolet fi wà lára ìdérí fúnra ẹ̀. Ti 1970 yàtọ̀ ní ìrísí, kò bá ọkọ̀ 1966 mu. Ti Tamiya ni mo lò, mo gé pílásítíìkì wẹ́wẹ́ tó rí bí ìdajì róbótó láti fi ṣe ihò atẹ́gùn yẹn, mo lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu abẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i: ẹ má dààmú lórí kit tuntun nínú páálí. Ẹ wá èyí tí ẹlòmíì ti tò tì, tí gulúù ti yọ́ jáde, tí wọ́n kùn ní kíkùnkukùn, àwọn bẹ́ẹ̀ ò wọ́n lórí eBay, bọ́dì lẹ ń rà. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ béèrè: ṣé gíláàsì wíńskírìn wà níbẹ̀, ṣé kò là? Tí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀, torí férémù láìsí gíláàsì ẹ̀ á fi yín sínú ìyà. Dettol lẹ máa fi ṣí ọ̀dà yẹn, Dettol aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà ní bálùwẹ̀ yín. Ẹ rì í mọ́ inú ẹ̀ láìlú omi, ó di ọjọ́ kejì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbo ó. Ẹ má fomi kàn án nígbà yẹn o, tómi bá fi lè kàn án gbogbo ọ̀dà yẹn á di ọ̀dà lílẹ̀ bí oje igi, Dettol mìíràn lẹ máa kọ́kọ́ fi ṣàn án, kó tó kan omi àti ọṣẹ.

Ẹnì kan dábàá bọ́dì résìn (oje kẹ́míkà tí wọ́n dà sínú àwòṣe tó sì le) fún yín nínú àwọn èsì tó wà lókè. Mi ò sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n résìn tí wọ́n fi bọ́dì mìíràn ṣe àwòṣe ẹ̀ máa ń sún kì díẹ̀, gulúù pílásítíìkì ò sì lè mú un, súpà gulúù nìkan. Tẹ́ ẹ bá máa fi sáńpépà ha á, ẹ fi omi ha á kẹ́ ẹ sì bo imú, eruku yẹn burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ wọn Tamiya yín lálẹ́ yìí, ìdí wíńskírìn láti igun kan sí èkejì, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì ní bọ́dì Revell kan nílẹ̀ tí mo rà mọ́ tèmi, gíláàsì ẹ̀ pé, mi ò ní i lò. Tó bá bá tiyín mu, màá dì í fún yín.