Èsì: Ṣé owó orí ìpínlẹ̀ lè gbé owó oṣù olùkọ́ ga?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí ìjọba Oǹdó ò kàn fi kún owó orí, kí wọ́n fi gbé owó oṣù àwọn olùkọ́ wa ga.

Ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ló sọ iye tí wọ́n máa yọ. Gómìnà ò lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká kó dédé fi kún un. Ẹ tún wo àwọn tó ń san án l'Ákùúrẹ́ níbí: òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ níbẹ̀, olùkọ́ sì wà lára wọn. Ṣebí bí ẹni ń bu omi inú ìkòkò dà padà sínú ìkòkò kan náà ni.

Owó VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, ni kí ẹ fojú sí. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 gbé ìpín àwọn ìpínlẹ̀ láti 50% sí 55%. Tó bá jẹ́ èmi ni NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ibẹ̀ ni màá tẹ̀ mọ́.

Àmọ́ olùkọ́ wo gan-an là ń sọ? Ti girama, ọrùn ìpínlẹ̀ ló wà. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni tiwọn ti ń jáde, ìyẹn ni àfikún tiwọn fi máa ń fa wàhálà. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, Oǹdó ní 73,000 làwọn máa san. Ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní láti wá tiẹ̀.