Ọmọ mi ní egbò ìfun: ṣé kí n máa po ìyẹ̀fun fáíbà fún un?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé. Wọ́n ní ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 24, ní ulcerative colitis, ìyẹn egbò inú ìfun ńlá, oògùn mesalazine ló sì ń lò. Ẹnìkan tó ń ta àfikún oúnjẹ lọ́jà wa ní kí n máa po ìyẹ̀fun inulin mọ́ ògì rẹ̀, pé fáíbà ni, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tí ara kì í lè dà, pé yóò pa iná tó ń jó nínú ìfun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ṣé kí n fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ má tíì fún un. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀ lónìí pé ẹ̀jẹ̀ ti padà dé. Bó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àrábà, kódà bó jẹ́ òru.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò purọ́ tán. Inulin wà nínú àlùbọ́sà àti áyù tí à ń fi se ọbẹ̀. Ìfun kékeré kò lè dà á, bó ṣe wà ló ń dé ìfun ńlá, ibẹ̀ sì ni àwọn bakitéríà ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, wọ́n ń ṣe butyrate jáde. Butyrate yìí ni oúnjẹ pàtàkì fún awọ inú ìfun ńlá. Ó ń mú kí awọ náà lágbára, ó sì ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó jẹ́ pé nínú àìsàn ọmọ yín, ìfun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà.

Àmọ́ àwọn bakitéríà tó ń ṣe butyrate sábà máa ń dín kù nínú ìfun àwọn tó ní irú àìsàn yìí. Ta ni yóò wá jẹ inulin náà? Ní 2023, àwọn oníwádìí Yunifásítì Alberta ní Kánádà ròyìn pé nínú ìfun àwọn aláìsàn kan, tí bakitéríà kò bá lè jẹ fáíbà yìí, fáíbà tó ṣẹ́ kù náà gan-an ló ń ru àwọn ọmọ ogun ara sókè. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfun tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ ló yẹ kí á fi dán an wò.

Ní báyìí, ògì, ẹ̀kọ, ìrẹsì funfun, iṣu rírọ̀, ẹja àti ẹyin ni kó máa jẹ, kó sì máa mu omi dáadáa. Kó fi àgbàdo, àgbọn àti ẹ̀wà eléèpo sílẹ̀ ná. Oògùn mesalazine rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Kò sí oúnjẹ tó lè rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ẹ jẹ́ kí fáíbà padà wá, nítorí kò dára kó yẹra fún un títí láé. Oúnjẹ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìyẹ̀fun inú agolo. Mọ́ínmọ́ín ni mo fẹ́ràn jù: a ti bó èèpo ẹ̀wà kúrò, síbẹ̀ fáíbà tí àwọn bakitéríà ń fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdajì ẹyọ kan, kí ata rẹ̀ má pọ̀. Ẹ wò ó fún bí ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fi ewédú tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fún inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà.